Iyanrìn Kan Náà Ni A Lò

Bí ẹ bá dé ilé ẹ̀kọ́ gíga yẹn, tí ẹ ní olùkọ́ físíìsì tó ń ṣèwádìí ìṣesí nǹkan oníhóró lẹ̀ ń wá, wọn á kàn máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Ìyá Oníyanrìn! Ọlọ́dẹ ẹnu géètì gan-an á nawọ́ ọ̀nà sí yín: "Ẹ gba ẹ̀yìn ilé ìkàwé, ẹ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Ibi tí iyanrìn bá ti ń ró lábẹ́ bàtà yín, ẹ ti dé nìyẹn."

Kì í ta iyanrìn o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi í: tí iyanrìn bá jókòó jẹ́ẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ṣé ó máa ń le sí i ni? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú àpótí, kí ẹ máa gbé ẹ̀gbẹ́ kan àpótí náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ń bọ̀ wá dé ibì kan tí iyanrìn ò ní lè fara dà á mọ́, gbogbo rẹ̀ á sì ya lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àpótí ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó nígbà tó ya, òun ni Ìyá Oníyanrìn ń wọ̀n. Ohun tó sì ti rí ni pé iyanrìn tó ti sinmi pẹ́ máa ń fara dà á ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lọ. Ẹni tó ń kó ọkà jọ sínú àká ńlá fẹ́ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ló kan àpótí náà fún un. Ó fi gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú lè máa rí inú, ó sì fi skúrù ńlá kan sábẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń yí kó máa gbé e sókè. Nígbà tó parí rẹ̀, ó nu òógùn ojú, ó ní, "Mo ti kan bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ tuntun, mo ti kan pósí fún òkú, ṣùgbọ́n mi ò kan ibùsùn fún iyanrìn rí."

Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ kejì ni ìyá tó bí i lọ́mọ. Màmá ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe búrẹ́dì kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n sì wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú iyanrìn gbẹ níléèwé ti bàjẹ́, àwọn tó yẹ kó tún un ṣe sì ń bọ̀, wọ́n ṣì ń bọ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, tí Ìyá Oníyanrìn bá ti fọ iyanrìn rẹ̀ tán, á rọ ọ́ sínú ike, á gbé e wálé, á tẹ́ ẹ sórí rọ́bà nínú fàráńdà kí oòrùn lè pa á. Màmá ló ń bá a ṣọ́ ọ, kí ológbò àdúgbò má baà sọ iṣẹ́ ìwádìí di ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dórí pépà tó fi ròyìn ìwádìí náà. Ó ti kọ ọ́ tán. Àwọn àwòrán wà níbẹ̀, gíráàfù wà níbẹ̀, tí àwọn àmì tó wà lórí rẹ̀ ń gòkè lọ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó dùn mọ́ ọn nínú jù ni èyí tó kọ sójú ewé kejì: "Iyanrìn kan náà ni a lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Gbólóhùn kékeré. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé gbogbo ìgbé-lọ-gbé-bọ̀, gbogbo ẹ̀yìn dídùn, gbogbo ìjà òun àti ológbò wà nínú rẹ̀. Tó bá ti kà á, inú rẹ̀ á tutù.

Ohun tó kù ni orúkọ. Àṣà kan wà ní ẹ̀ka físíìsì yẹn tí ẹ kò ní rí nínú ìwé òfin kankan: pépà kí pépà tó bá jáde níbẹ̀, orúkọ Ọ̀gá ló ń ṣíwájú. Ọ̀gá yìí ni olórí ẹ̀ka, bàbá arúgbó tó fi òwú so ìgò ojú mọ́rùn, tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Bó ṣe bá a nílẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Ìyá Oníyanrìn ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí pépà tó pọ̀, ìsàlẹ̀ ni orúkọ tirẹ̀ sì máa ń wà. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹni tó yá wọn ní kámẹ́rà ṣíwájú rẹ̀!

Ìgbìmọ̀ tó ń gbé olùkọ́ ga ti wá bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì pé, "Èwo nínú gbogbo èyí ni orúkọ tìrẹ ṣíwájú?" Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ilẹ̀ ló ń wò. Igbákejì olùkọ́ ló ti ń jẹ́ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú kirikiri, funfun sì ti ń yọ níbẹ̀ báyìí. Eléyìí ni pépà tó fúnra rẹ̀ rò, tó fúnra rẹ̀ wọ̀n, tó fúnra rẹ̀ kọ. Tí orúkọ Ọ̀gá bá tún gun orí eléyìí, ó parí nìyẹn. Jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, tó sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ń ṣe àkànṣe ìdìpọ̀ kan lórí nǹkan oníhóró, wọ́n máa tì í níparí oṣù, ìgbìmọ̀ náà á sì jókòó lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀gá pàdé rẹ̀ ní kọ́rídọ̀. "Oníyanrìn, mo gbọ́ pé pépà ti délẹ̀. O kúkú mọ bá a ṣe ń ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ẹnu rẹ̀ wí. Ohun tí inú rẹ̀ wí, mi ò lè sọ ọ́ lójú ọmọdé.

Jọ́nà wọ̀nyẹn ní ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ewé ọ̀hún sì ń béèrè ọ̀rọ̀ bí àna tó ń wádìí ọkọ ìyàwó. Kí ni àkọlé rẹ̀? Ṣé ẹ ti fi ránṣẹ́ síbòmíràn rí? Ó ń dáhùn, ó ń dáhùn, títí ó fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ó sọ ipa tí oníkálukú kó. Ta ló ro iṣẹ́ náà? Ta ló wọ̀n ọ́n? Ta ló ya gíráàfù? Ta ló kọ ọ́? Ó kọ tirẹ̀ sílẹ̀ wàràwàrà. Ó dórí ti Ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kí ló fẹ́ kọ? Pé ó kí òun ní kọ́rídọ̀?

Ó mú ọ̀rọ̀ náà délé. Ọkọ rẹ̀ ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n gbàdúrà sí i."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ gbọ́?"

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Lọ bi í. Abèèrè kì í ṣìnà. Tó o bá bá a dáhùn fúnra rẹ, àfojúdi ni. Tó o bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀wọ̀ ni."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó ti wà ní ọ́fíìsì Ọ̀gá. Fáìlì ga níbẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ na ọrùn kó tó rí ojú ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Oníyanrìn! Káàárọ̀. Jókòó. Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ku díẹ̀, sà. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi wá, mi ò sì fẹ́ fi ẹnu ara mi bá yín dáhùn. Wọ́n ní kí oníkálukú sọ ohun tó ṣe nínú iṣẹ́ náà. Mo ti kọ tèmi. Mo ní kí n wá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí n kọ sí tiyín, sà."

Ọ̀gá yọ ìgò ojú, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Kí lo kọ sí tìrẹ?"

Ó kà á fún un.

"Kí ló wá kù?"

"Kò ku nǹkan kan, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí ọwọ́ tẹ̀. "Ọ̀rọ̀ rèé o," ló ní. "Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, mo fi ọdún kan gbáko wọ̀n bí omi ṣe ń kán láti ojú ihò tín-ín-rín. Orúkọ ọ̀gá mi ló ṣíwájú. Bàbá yẹn ò mọ àwọ̀ ike tí omi náà wà nínú rẹ̀! Ó dùn mí, Oníyanrìn, ó dùn mí dọ́kàn. Mo ní tó bá kàn mí…" Kò sọ ohun tó ní òun máa ṣe tó bá kan òun, torí àwọn méjèèjì mọ̀ pé ó ti kàn án láti ọjọ́ pípẹ́.

"Má tíì kọ nǹkan kan sí tèmi," ló ní nígbẹ̀yìn. "Mò ń bọ̀ wá ṣe nǹkan kan."

Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin yìí lọ béèrè ọ̀nà, wọ́n bá tẹ̀ lé e délé. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé ojú á ti Ọ̀gá, á ní kó yọ òun kúrò. Lọ́jọ́ kejì, inú yàrá iṣẹ́ tirẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti rí i, Ọ̀gá ti ká apá ẹ̀wù sókè dé ìgúnpá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yọjú lójú fèrèsé bí ẹni pé wọ́n gbé eré wá.

"Iṣẹ́ tí ẹnì kan bá ṣe, ẹlòmíràn ló yẹ kó tún un ṣe ká tó gbà pé òótọ́ ni," ni Ọ̀gá wí. "Mo fẹ́ tún àwọn tó sinmi pẹ́ jù lọ nì wọ̀n. Má bá mi dá sí i."

Àpò iyanrìn kan wà lábẹ́ tábìlì, èyí tí wọ́n ti fọ̀, tó ti gbẹ, kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Inú rẹ̀ ni Ọ̀gá ti bù. Ó rọ ọ́ sínú àpótí, ó fi okùn yí àpótí náà ká, ó kọ "Ẹ má fọwọ́ kàn án" gàdàgbà sórí páálí, ó fi kọ́ ọ. Ó jẹ́ kó sinmi dáadáa. Nígbà tí àsìkò tó, ó jókòó tì í, ó ń yí skúrù náà bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ti ń sùn.

Iyanrìn ya. Ó tètè ya. Igun tó ti ya kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lọ.

Ọ̀gá tún un ṣe. Ibẹ̀ náà ló tún ti ya. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, Ìyá Oníyanrìn ò sì lè wò ó mọ́, ó kọjú sí ògiri, ó ń díbọ́n pé òun ń wá pẹ́ńsùlù. Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Nínú gíráàfù tirẹ̀, àmì ń gòkè. Ó wá dé ọwọ́ Ọ̀gá, àmì ní òun ò gòkè mọ́.

Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, Ọ̀gá jókòó sórí àga kékeré, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Wò ó."

Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Díẹ̀ ni o, bíi tí gbogbo àgbà.

"Èmi ni," ni Ọ̀gá wí. "Mo ń mi skúrù, skúrù ń mi àpótí, iyanrìn ò rí oorun sùn. Tìrẹ ló tọ́. Yọ orúkọ mi kúrò, Oníyanrìn. Fi tìrẹ nìkan ránṣẹ́ kí oṣù tó parí. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti bà jẹ́ tó báyìí." Ó sọ apá ẹ̀wù rẹ̀ kalẹ̀. Bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù náà pẹ́ kó tó wọlé, Ìyá Oníyanrìn ò sì mọ̀ bóyá kí òun ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó ń wá láti ọdún yìí wá nìyẹn, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan. Kí ló wá dé tí kò fi dùn lẹ́nu rẹ̀?

Ó ronú títí ó fi délé. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí omi máa ń dúró sí.

"Níbo lẹ ti rí òkúta yìí?"

"Ti Màmá ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó o jọ fún mi. Ìyá rẹ mà láájò o."

Ó wọ fàráńdà. Màmá jókòó sórí àpótí ìjókòó, iyanrìn ìwádìí wà níwájú wọn, ajọ̀ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ṣe búrẹ́dì láyé àtijọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ òsì mú un, ọwọ́ ọ̀tún ń gbá a létí, iyanrìn ń kù sílẹ̀ múlọ́múlọ́.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Iyanrìn rẹ ni mò ń jọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó o ti ń gbé e wálé ni. Tàbí o rò pé mo lè jókòó kí n máa wo ọmọ mi kó máa fi ìdọ̀tí ṣiṣẹ́ ọ̀mọ̀wé? Lákọ̀ọ́kọ́, ajọ̀ olójú ńlá ni mo fi ń jọ̀ ọ́. Mo wá rí i pé kò tíì kúná tó, ni mo bá gbé ajọ̀ ìyẹ̀fun jáde. Òkúta tó ń ṣẹ́ kù lójú ajọ̀, mo ń kó o fún ọkọ rẹ. Àbí ìwọ náà ò rí i pé ó ń dára sí i ni?"

Ó rí i! Yéè, ó kúkú rí i. Ó ti kíyè sí i pé iyanrìn náà ń rọ̀ lọ́wọ́ sí i, ó ní oòrùn ló ń ṣe é. Onímọ̀ físíìsì! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú báàgì léjìká. Àwọn tí kò sinmi pẹ́ ló kọ́kọ́ wọ̀n, nígbà tí iyanrìn ṣì rí gbàjagbàja. Àwọn tó sinmi pẹ́ ló wọ̀n kẹ́yìn, nígbà tí Màmá ti jọ̀ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Hóró kéékèèké máa ń di ara wọn mú ju ńláńlá lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ ìyẹn. Àmì tó ń gòkè lórí gíráàfù rẹ̀, ìsinmi nìkan kọ́ ló ń gbé e gòkè, ajọ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀. Iyanrìn tí Ọ̀gá sì bù lábẹ́ tábìlì, kò dé ọwọ́ Màmá rí. "Iyanrìn kan náà ni a lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Irọ́ ni. Kò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Màmá ti gbé ajọ̀ sílẹ̀. "Ṣé mo bà á jẹ́ ni?" Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ ò bà á jẹ́, Màmá." Ó sì bú sẹ́kún, èyí tí kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rárá.

Nígbà tó ti ṣàlàyé tán, ọkọ rẹ̀ ló sọ ohun tó yẹ kí ẹnì kan sọ. "Ta ló máa mọ̀? Èmi ò gbọ́ físíìsì. Màmá ò ní sọ. Ọ̀gá rẹ ti ní ọwọ́ òun ni."

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn," ló dáhùn. "Bàbá yẹn wà nílé báyìí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Oníyanrìn gbé ajọ̀ ìyẹ̀fun há abíyá, ó kọjá lójú ọlọ́dẹ ẹnu géètì, ó kọjá lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó gba ọ́fíìsì Ọ̀gá lọ tààrà. Ó gbé ajọ̀ náà lé orí fáìlì, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ náà láìmí.

Ọ̀gá ń wo ajọ̀, ó ń wo Ìyá Oníyanrìn, ó tún ń wo ajọ̀.

"Kì í wá ṣe ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, sà. Ọwọ́ ìyá mi ni."

Ẹ̀rín tí Ọ̀gá rín lọ́jọ́ náà, akọ̀wé tó wà ní yàrá kejì ló sáré wọlé, ó rò pé nǹkan ló há wọn lọ́rùn. Wọ́n rín in títí ìgò ojú fi já bọ́. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ń wò ó bí ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà fún. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn wálẹ̀.

"O mọ̀ pé àkànṣe ìdìpọ̀ yẹn máa kọjá wa?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ìgbìmọ̀ náà máa jókòó láìsí pépà lọ́wọ́ rẹ."

"Mo mọ̀, sà."

"Mo ti ní kó o yọ mí kúrò. Mo ti ní kó o máa fi ránṣẹ́. Kí ló dé tó o fi sọ fún mi?"

"Gbólóhùn kan wà lójú ewé kejì, sà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mi ò lè kà á mọ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìdí nìyẹn. Màmá di èrò ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù kan wá fún wọn nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n kó oríṣiríṣi ajọ̀ síwájú wọn, Màmá sì pín iyanrìn náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ńlá, àárín, àti èyí tó kúná bí ìyẹ̀fun. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bá Ọ̀gá jà. Ọ̀gá á ní kí wọ́n rọra, Màmá á ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi ní jíjọ̀ ni? Ẹ lọ yí nǹkan tí ẹ̀ ń yí." Ọ̀gá á sì lọ yí i lóòótọ́. Ọ̀gá ń wọ̀n láàárọ̀, Ìyá Oníyanrìn ń wọ̀n lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó ń wo ohun tí ẹnì kejì kọ sílẹ̀ títí wọ́n fi parí. Nígbà tí wọ́n wá kó o pa pọ̀, ó bára mu rẹ́gí.

Ohun tó sì jáde dára ju tàkọ́kọ́ lọ, ẹ gbọ́ mi? Iyanrìn tó rí gbàjagbàja ò mọ ìsinmi kankan, ó wù kó jókòó di ọ̀la, ibi tó máa ya sí ló máa ya sí. Ṣùgbọ́n èyí tó kúná ń le sí i bó ṣe ń sinmi. Ìlà méjì ló wà lórí gíráàfù báyìí, ọ̀kan sùn gbalaja, ìkejì ń gòkè. Ìyá Oníyanrìn wò ó, ó fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ọdún tó ti fi ń béèrè bóyá iyanrìn ń le sí i, kò ṣẹlẹ̀ kó bi ara rẹ̀ pé iyanrìn wo.

Àmọ́ àkànṣe ìdìpọ̀ ti kọjá. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n pe orúkọ, wọn ò pe tirẹ̀. Ó dùn ún, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mọ́ra, ó sunkún díẹ̀, ó bọ́jú, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà láti lọ tún pépà kọ. Gbólóhùn ojú ewé kejì ló kọ́kọ́ pa rẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìdìpọ̀ tí jọ́nà náà máa ń gbé jáde déédéé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú yàrá, Màmá lórí àga wọn, Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìyá Oníyanrìn ń dáhùn ìbéèrè. Ó dé ibi orúkọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ orúkọ Ọ̀gá síwájú. Bàbá náà ti ṣiṣẹ́. Ó tiẹ̀ ti gbà pé ìgbìmọ̀ tún lè bi òun ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kẹta.

"Rárá o," ni Ọ̀gá wí. Wọ́n fa pátákó ìtẹ̀wé náà sọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo pa orúkọ wọn rẹ́, lẹ́tà kan, lẹ́tà kan. Wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n wá tún tiwọn tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ìka wọn ń gbọ̀n, wọ́n ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un tẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá wọn dá sí i.

"Èmi yí skúrù," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo bi iyanrìn ní ìbéèrè. Ohun tí mo ní màá ṣe tó bá kàn mí nìyẹn. Ó kàn pẹ́ ni."

Ìyá Oníyanrìn yí ojú ewé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn tún ń dúró dè wọ́n: kí ni oníkálukú ṣe?

"Kí ni kí n kọ sí tiyín, sà?"

Ọ̀gá rò ó díẹ̀. "Kọ ọ́ pé mo tún un wọ̀n, kò sì bá a mu."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, kò sì pẹ́ tí ímeèlì fi wọlé pé wọ́n ti gba iṣẹ́ náà. Màmá ní ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn, àwọn rò pé ó máa dún ni.

Èsì gidi pẹ́ kó tó dé. Àwọn tí jọ́nà gbé e fún láti yẹ̀ ẹ́ wò fa ibí, wọ́n fa ọ̀hún. Ọ̀kan fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe jọ iyanrìn náà tí hóró rẹ̀ fi dọ́gba tó bẹ́ẹ̀, Màmá sì fi odindi ọ̀sán kan ṣàlàyé, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e kúrú. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n dá a padà, jọ́nà sì gbà á. Ìgbìmọ̀ máa tún jókòó lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tó jáde, Ìyá Oníyanrìn tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó mú un wálé. Ọkọ rẹ̀ wo àwòrán àpótí, ó ní pákó náà yọ dáadáa. Màmá gba bébà náà, wọ́n wọ ìgò ojú, wọ́n ń fi ìka wá inú rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ìyá Oníyanrìn túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá òǹkọ̀wé àkọ́kọ́, tó jọ iyanrìn náà."

Màmá gbé ojú sókè. "Ta ni òǹkọ̀wé àkọ́kọ́?"

"Èmi ni, Màmá."

"Mi ò gbọ́."

Wọ́n gbọ́ o. Etí wọn dá ṣáṣá.

"Èmi ni," ló tún wí, ó sì sọ ọ́ sókè lọ́tẹ̀ yìí.